Ká Kó Kúrò ní Ṣómólú Lọ sí Abúlé Ẹ̀pẹ́, Àbí Ká Dúró?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣómólú ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí wa wà ní JSS 2, àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ọkọ mi ń tẹ̀wé, èmi ń ránṣọ. Lánlọ́ọ̀dù tún ti fi kún owó ilé, bẹ́ẹ̀ a ò tíì gbàgbé èyí tó fi kún un kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wá ní ilé oníyàrá mẹ́ta kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Noforíjà, ní Ẹ̀pẹ́, pé owó rẹ̀ ò tó ìdajì ohun tí à ń san níbí. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dáa, pé a lè máa sin ẹja, pé tó bá yá ká ra ilẹ̀. Ọkọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù tán. Èmi ṣì ń ṣiyèméjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá àwọn àgbẹ̀ abúlé Ẹ̀pẹ́ ṣiṣẹ́ tipẹ́, báwo layé ṣe rí níbẹ̀ gan-an? Aránṣọ, Ṣómólú.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo kí ẹ̀yin àti ọkọ yín. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìránṣọ lè bá yín lọ sí Noforíjà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ò lè bá ọkọ yín lọ. Orí èyí ni gbogbo ohun yòókù tí ẹ bi mí dúró lé.

Ẹ kúkú mọ bí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe ń lọ ní Ṣómólú jù mí lọ. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà lè má ní ẹ̀rọ kankan. Á ra bébà ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n á bá a ṣe péléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ní òmíràn, ẹlòmíì á tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíì á gé e, ẹni tó ń fi ọ̀rá bo ojú ìwé sì wà ní òdìkejì títì. Torí pé gbogbo wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni iṣẹ́ fi ń yá, tí oníbàárà sì fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Kò sí èyí lẹ́yìn Noforíjà. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, torí pé Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, LASUED, ní ọgbà kan níbẹ̀, níbi tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kó tó di yunifásítì ní 2022. Àmọ́ fọ́tòkọ́pì àti títẹ iṣẹ́ àṣekágbá lórí kọ̀ǹpútà ni àwọn yẹn ń wá, kì í ṣe káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ̀rún kan. Ọkọ yín á máa lọ sí Ṣómólú ṣáá ni.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan gba Àjáh àti Lekki, èkejì gba Ìtòìkín bọ́ sí Ìkòròdú, kó tó di Mile 12 àti Kẹ́tu. Ti Ìkòròdú ló sún mọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dáa, ẹ ka wákàtí méjì lọ sókè, láìka ìgbà tí ẹ fi dúró kí mọ́tò kún ní gáréèjì. Lọ́jọ́ tí tírélà bá dùbúlẹ̀ sójú títì, ẹ má bèèrè. Kò sí ẹni tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀ lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà yìí tí kì í rẹ̀ ẹ́ kó tó di oṣù kẹta. Ohun tí mo máa ń rí ni pé bàbá ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Á dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á lọ ní ìdájí ọjọ́ Ajé, á máa ra oúnjẹ jẹ láàárín ọ̀sẹ̀. Ìkòkò méjì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gbé ka iná, ìyàwó sì di ìyá àti bàbá ọmọ mẹ́ta láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

Nítorí náà, ẹ má kàn fi owó ilé abúlé wéra pẹ̀lú owó ilé tiyín. Ẹ mú bírò. Ẹ kọ owó ọkọ̀ ọkọ yín fún oṣù kan, lílọ àti bíbọ̀. Ẹ kọ oúnjẹ tó máa rà níta. Ẹ kọ ọ̀kadà tó máa gbé e láti ojú títì wọ abúlé. Ẹ fi owó ilé abúlé kún un, kí ẹ tó gbé e síwájú owó ilé Ṣómólú. Mo ti bá àwọn tọkọtaya bíi mélòó kan ṣe ìṣirò yìí. Èyí tí owó abúlé ti kéré jù lọ ni ilé tí tọkọtaya jọ ń ríṣẹ́ ṣe lágbègbè ibẹ̀: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń tajà ní ọjà Ẹ̀pẹ́, oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tí iṣẹ́ wọn wà ní Èkó, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, dírẹ́bà ni wọ́n ń gbé e fún.

Ó kan bí ayé ṣe rí níbẹ̀.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo yàrá. Kànga àti bọ́ọ̀hóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, ìpẹtà sì pọ̀ nínú omi àwọn ibòmíì. Ẹni tó fẹ́ gbé ilé fún yín kò ní sọ. Omi náà mọ́ gaara bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ bu ú sínú korobá funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó jókòó sí ìsàlẹ̀, tó sì yí etí korobá ká. Tí ẹ ò bá lè dúró mọ́jú, ẹ fi omi náà po tíì. Irin tó wà nínú omi á sọ tíì náà di dúdú kirikiri, lójú yín báyìí. Omi yẹn á pa yúnífọ́ọ̀mù funfun àwọn ọmọ láró. Ẹ̀yin tí ẹ tún ń ránṣọ, tí aṣọ oníṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn ará Alásàláátù máa wà lọ́wọ́ yín, kò sí bí ẹ ṣe lè fi fọ funfun. Ilé tó ní táńkì tí omi ti ń tòrò dáadáa kí ó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, tàbí tó ní ohun tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, á yàtọ̀. Omi òjò ni èmi fi ń fọ funfun.

Iná: tí wọ́n bá mú un wá, ẹ lò ó. Ẹ má ta maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ yín, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú yín tọrẹ. Nẹ́tíwọọ̀kì fóònù wà lójú títì. Nínú abúlé, ẹ gbé fóònù yín wọ inú yàrá náà gan-an kí ẹ pe èèyàn kan, ẹ má wulẹ̀ dúró sí àgbàlá.

Ọ̀kadà ló ń gbé gbogbo wa kiri. Ní Ṣómólú, ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022; Ẹ̀pẹ́ ò sí nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin yẹn kàn. Ẹ ó gbádùn rẹ̀ títí di bí agogo mẹ́jọ alẹ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí ẹ ò bá ní nọ́ńbà ọlọ́kadà tó mọ̀ yín, ẹsẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ ro ti ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì yẹn mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn ìjọba ńlá wà ní ìlú Ẹ̀pẹ́, àwọn ilé ìlera kéékèèké sì wà káàkiri. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi àwọn ìyá abúlé ni pé, tí ara ọmọ bá gbóná ní agogo kan òru, ta ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ìdáhùn wọn á yára tàbí kó pẹ́. Ibi tó bá ti yára, tí wọ́n dárúkọ nọ́ọ̀sì kan, tí wọ́n nawọ́ sí ilé rẹ̀, ẹ lè gbé ibẹ̀. Ẹ gbé káàdì àjẹsára ọmọ dání, kí ẹ rí i pé ó ti gba ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kì í ṣe ohun àríyànjiyàn. Ibi tí irà àti ọ̀sà bá wà, ẹ̀fọn ló ni alẹ́.

Oúnjẹ ń kọ́? Gbogbo èèyàn ló ń rò pé ó pọ́ọ́kú ní abúlé. Ẹ̀fọ́, gàárì, ẹ̀gẹ́, ẹja, ọ̀pẹ̀ òyìnbó lákòókò rẹ̀: ó pọ́ọ́kú lóòótọ́, ó sì tún dùn. Ìrẹsì, wàrà ọmọ, ọṣẹ ìfọṣọ, gáàsì, òwú àti sípù tí ẹ fi ń ránṣọ: Èkó ni wọ́n ti ń kó o wá, owó ọkọ̀ á sì gorí rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí abúlé tó ṣì ń jẹ oúnjẹ Èkó, á sanwó jù. Ẹ lọ sí ọjà ẹja Olúwò láàárọ̀ kùtùkùtù lọ́jọ́ kan, kódà tí ẹ ò bá kó lọ. Òbọ̀kún, ẹpìyà, edé, ẹja tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, àti ọ̀nì tí wọ́n ti dì lẹ́nu nígbà míì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, àwọn ìyá sì ń ṣẹ́jú mọ́ni bí ẹni bá dá owó kékeré.

Ti àwọn èèyàn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹ̀pẹ́ mọ àlejò. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi gbà á láyè láti padà ní 1862. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó bá a wá ló bá a padà. Títí di òní, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó Ẹ̀pẹ́ wà, kálukú ló ní ọba tirẹ̀ àti ọdún tirẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá ni Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe Káyòkáyò láti fi rántí bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ fetí sí eléyìí dáadáa: láti bí oṣù kan ṣáájú Iléyá títí Káyòkáyò á fi kọjá, ẹ ò ní rí oorun sùn. Aṣọ ẹgbẹ́, aṣọ ẹbí, ti ọmọdé, ti ìyá àgbà. Owó wà níbẹ̀. Àwìn náà wà níbẹ̀ o. Ní Ṣómólú, ẹ lè sọ pé "kò sówó, kò sáṣọ." Ní abúlé, ìyàwó Baálẹ̀ á ní kí ẹ jẹ́ kí òun ta ẹ̀gẹ́ òun ná, ẹ ò sì ní lè kọ̀, torí lọ́la ọmọ rẹ̀ ló máa sáré pe ọlọ́kadà fún yín. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ. Wọ́n á kùn díẹ̀, wọ́n á sì san án.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí lánlọ́ọ̀dù yín mú yín lọ kí Baálẹ̀. Kì í ṣe torí ohun tí ẹ máa mú lọ́wọ́. Torí kí wọ́n lè mọ ojú ọmọ yín ni. Ẹ lọ sí ìpàdé àdúgbò, ẹ san owó tí wọ́n bá dá. Ìkíni ò ṣeé fo. Ẹ lè kọjá lára ogún èèyàn ní Ṣómólú kí ẹ má kí ẹnìkan. Níbí, bàbá tó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ ń ka àwọn tó kí i, ó sì tún ń ka àwọn tí kò kí i. Ìròyìn yín á dé ibi tí ẹ ò tíì dé. Wọ́n á mọ ọjọ́ tí ọkọ yín wọlé, wọ́n á mọ iye ọjọ́ tí kò fi wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí ilẹ̀kùn òun wà ní títì, abúlé á sú u kíákíá. Ojú kan náà tó ń ṣọ́ yín ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ yín o. Ọmọ mi ò lè gun igi àgbọn kan kí n má gbọ́.

Orò ńkọ́? Ó wà ní ọ̀pọ̀ abúlé. Tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, obìnrin ò jáde, àlejò o, onílé o. Obìnrin ni èmi náà, mi ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mi ò bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè àkókò rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ má fún oníbàárà ní àdéhùn sí alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ má sì wà ní gáréèjì nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ààbò: ọ̀pọ̀ abúlé wa rọgbọ, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé kò sí ewu. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn ajínigbé ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Ìgbọ́nlá, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ, ó sì lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ bèèrè bí ilé tí ẹ fẹ́ yá ṣe jìnnà sí etí omi àti sí ilé tó tẹ̀ lé e. Ilé kan ṣoṣo tó dá wà lẹ́yìn igbó, tí wọ́n ń pè ní "ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́", ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ.

Àkọ́bí yín wà ní JSS 2. Tí ẹ bá máa ṣí i nípò, ẹ ṣe é kó tó wọ JSS 3, tàbí kí ẹ dúró títí á fi ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀ tán. Ẹ má ṣí ọmọ nípò láàárín ọdún tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Tí ẹ bá lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ lọ ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ ka olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ti Ìkòròdú wá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹja, torí iṣẹ́ mi nìyẹn, ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó jù. Ẹja àrọ̀ máa ń gba oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó tóbi tó títà. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, kò sí ọjọ́ tí kò ní jẹun, oúnjẹ rẹ̀ sì ń kó ju ìdajì gbogbo owó tí ẹ máa ná lọ. Ẹni tó bá fi owó ra ọmọ ẹja tán, tí kò pa owó oúnjẹ mọ́ sílẹ̀, ní oṣù kẹta ni oúnjẹ máa tán nígbà tí ẹja ò tíì tó títà, á wá tà á ní owó tí ẹni tó rà á bá dá. Omi onípẹtà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fà á láti inú bọ́ọ̀hóòlù tààrà sórí ẹja. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ sínú táńkì láti ibi gíga, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí ìpẹtà rẹ̀ sì sílẹ̀; irin máa ń dí ẹja níbi tó fi ń mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní láti máa ṣa àwọn tó tóbi kúrò láàárín àwọn kéékèèké ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí àrọ̀ ńlá máa ń jẹ àrọ̀ kékeré láìṣẹ́jú. Ẹni tó ń sun ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú ò lè ṣe èyí. Ẹ̀yin ni ẹ máa ṣe é, lẹ́yìn ìránṣọ, lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta.

Ta ló sì máa rà á? Ẹni tó gbé àrọ̀ inú táńkì lọ tà ní Olúwò dà bí ẹni gbé iyọ̀ lọ tà létí òkun. Ẹja ọ̀sà ló wà níbẹ̀, òun ni wọ́n sì fẹ́. Àwọn tó ń ra àrọ̀ ni àwọn onípẹpẹsúùpù ní Èkó àti Ìkòròdú, àti àwọn tó ń yan ẹja. Ẹ wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kan ní Ṣómólú nísinsìnyí, kí ẹ tó ra ọmọ ẹja kankan. Tí ẹ bá ti ní oníbàárà, ẹ fi táńkì kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yá owó ṣe é.

Ilẹ̀, ẹ má rà á lọ́dún àkọ́kọ́, bó ti wù kó rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lekki ni pátákó àwọn onílẹ̀ ti bo ojú ọ̀nà wa, ibi tí ẹnìkan ń ro oko lónìí, wọ́n lè ti tà á fún èèyàn méjì. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 de àwọn ajagungbalẹ̀. Kò dá yín lójú pé ẹ máa rí àkókò àti owó láti fi lo òfin náà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà, kí sọ̀fíò (awọnlẹ̀) tó ní ìwé àṣẹ kọ́kọ́ gbé ìwé ilẹ̀ náà lọ yẹ̀ wò ní ọ́fíìsì Sọ̀fíò Àgbà ní Alausa, kí ẹ mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ti ilé yíyá, òfin 2011 ò gba kí lánlọ́ọ̀dù béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àwọn kan á ṣì béèrè ọdún méjì. Ẹ má san án. Ọdún kan náà tó láti mọ̀ bóyá ibẹ̀ bá yín lára mu.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, mi ò ní jẹ́ kí ilé Ṣómólú bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí. Màá kọ́kọ́ gba yàrá kan ṣoṣo ní Noforíjà lásìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, màá kó àwọn ọmọ lọ, màá gbé maṣíìnì kan dání, màá sì wo iye aṣọ tó máa wọlé. Ìsinmi yẹn bọ́ sí àkókò òjò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀nà abúlé tó dáa ní oṣù Kejì lè má ṣeé gbà ní oṣù Kẹwàá. Tí ìránṣọ bá mówó wọlé, tí ọkọ yín sì rí i pé lílọ bíbọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ ò pa òun lára, ẹ kó lọ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ilé sí Ìkòròdú, níbi tí owó ilé ṣì rọjú díẹ̀ tí ọkọ yín á sì máa sùn nílé.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ wo ilé tí ọ̀rẹ́ ọkọ yín ń sọ yìí, ẹ má gbà kó fi mọ́tò rẹ̀ gbé yín. Ẹ wọkọ̀ èrò láti Ṣómólú, kí ẹ gbé ọmọ kékeré yẹn dání, kí ẹ lọ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òun náà ń gbé abúlé, àbí kọ̀míṣọ̀n ló ń jẹ.